Ọjọ́ Méjì ní Ouidah: Ohun tó yẹ kí ọmọ Nàgó mọ̀ kó tó dé etí òkun

Lọ́dọọdún ni àwọn ọmọ kọ́múnù wa Adja-Ouèrè máa ń lọ sí Ouidah. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ń bá olùkọ́ wọn lọ, àwọn ọmọ ìjọ Àgùdà máa ń lọ gbàdúrà, àwọn ẹlẹ́sìn ìbílẹ̀ máa ń lọ fún ọdún Vodun ní ọjọ́ 10 oṣù kìn-ín-ní. Àwọn ọ̀dọ́ ní tiwọn máa ń lọ jẹ ẹja yíyan, wọ́n á gba atẹ́gùn òkun, wọ́n á ya fọ́tò níwájú ẹnu-ọ̀nà ńlá tó dojú kọ omi, wọ́n á sì padà sílé. Ọjọ́ kan tàbí méjì ni púpọ̀ nínú wọn ń lò. Kò sí ohun tó burú níbẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹgbẹ́ wa kó àwọn ọmọ ẹgbẹ́ lọ síbẹ̀ fún ọjọ́ méjì, a ṣàkíyèsí pé ẹni tó ń mú wa kiri ń sọ̀rọ̀ àwọn ọba Dàhòmì, ó ń sọ̀rọ̀ Potogí àti Faransé, ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀kan péré ló dárúkọ Nàgó, láàárín àwọn ẹ̀yà mìíràn tí wọ́n tà.

Ìdí nìyẹn tí a fi kọ àlàyé yìí. A fẹ́ sọ ohun tí ọmọ Nàgó lè rí ní Ouidah láàárín ọjọ́ méjì, ibi tí ìtàn wa ti wọ inú ti ìlú náà, àti iṣẹ́ tó ń dúró dè wá nílé lẹ́yìn tí a bá ti òkun dé.

Orúkọ ìlú náà

Ouidah ní orúkọ púpọ̀. Àwọn Fọ̀n ń pè é ní Glexwé, ìtumọ̀ rẹ̀ ni ilé oko. Àwọn Xwedà ló ni ilẹ̀ náà kí Dàhòmì tó dé. Savi ni olú ìlú wọn, ní apá òkè Ouidah, orúkọ wọn ni àwọn òyìnbó sì lọ́ mọ́ra wọn lẹ́nu títí ó fi di Juda, Whydah àti Ouidah. Ọba Agaja ti Dàhòmì ṣẹ́gun wọn ní ọdún 1727. Àwọn Potogí ń pe ìlú náà ní Ajudá.

Ajudá yìí kàn wá. Láti ilẹ̀ wa títí dé Èkó, Àgùdà ni à ń pe àwọn ọmọ ìjọ Kátólíìkì, Àgùdà náà ni à ń pe ìran àwọn tó ti Bràsíìlì padà wá. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ ló gbà pé láti ara Ajudá ni ọ̀rọ̀ náà ti wá. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, orúkọ ìlú etí òkun yìí ti wà lẹ́nu wa tipẹ́, àní lẹ́nu ìyá àgbà tí kò fi ẹsẹ̀ tẹ yanrìn òkun rí.

Orúkọ Nàgó pàápàá gba etí òkun yìí kọjá. Àwọn ará Dàhòmì ń fi í pe àwọn tó ń sọ èdè wa, àwọn oníṣòwò ẹrú kọ ọ́ sínú ìwé wọn bí wọ́n ṣe gbọ́ ọ, nígbà tó sì dé Bahia ní Bràsíìlì, ó di orúkọ gbogbo Yorùbá tó wà níbẹ̀, yálà Kétu ni wọ́n ti wá tàbí Ọ̀yọ́ tàbí Ìjẹ̀ṣà.

Ìlú etí òkun tí kò sí létí òkun

Láti Adja-Ouèrè, a máa ń gba Sakété dé Àjàṣẹ́, láti Àjàṣẹ́ a ó wọ Kútọnu. Láti Kútọnu, ó ku nǹkan bí 40 kìlómítà sí ìwọ̀ oòrùn. Ẹni tó ń lọ fún ìgbà àkọ́kọ́ máa ń rò pé bí òun bá ti sọ̀ kalẹ̀ nínú takisí, òun ó rí omi. Kò rí bẹ́ẹ̀. Òkun jìnnà sí àárín ìlú tó nǹkan bí kìlómítà mẹ́rin, ọ̀sà sì wà láàárín wọn. Ẹni tí kò bá fẹ́ rìn á gun zémidjan.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ọ̀rọ̀ yìí sọ́kàn, nítorí òun ló tú ọ̀pọ̀ nǹkan palẹ̀. Kò sí èbúté ní Ouidah. Ìgbì tó ń fọ́ sí etí òkun náà le débi pé ọkọ̀ òyìnbó kò lè sún mọ́ ilẹ̀. Ojú agbami ni ọkọ̀ ń dúró sí, àwọn atukọ̀ tó mọ ìgbì náà ló ń fi ọkọ̀ kékeré kó ẹrù àti ènìyàn lọ bá a. Nítorí náà, ẹni tí wọ́n bá kó lógun kì í ti ojú ogun bọ́ sínú ọkọ̀. Wọ́n á mú un wọ ìlú, wọ́n á tì í mọ́lé, á dúró níbẹ̀ títí ọkọ̀ á fi dé, títí wọ́n á fi dúnàá-dúrà, lẹ́yìn náà ni wọ́n á mú un rìn la ọ̀sà kọjá. Ẹlòmíràn lo ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ẹlòmíràn lo oṣù. Àwọn ènìyàn wa ti ṣe àlejò ìgbà díẹ̀ ní ìlú etí òkun yìí tipẹ́tipẹ́ kí àwa tó máa lọ gba atẹ́gùn níbẹ̀.

Ọjọ́ kìn-ín-ní: inú ìlú

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti odi àwọn Potogí. Ọdún 1721 ni wọ́n kọ́ ọ. Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì náà ní odi tiwọn ní ìlú náà, ṣùgbọ́n ti Potogí nìkan ló ṣì dúró. Àwọn Potogí kò kúrò níbẹ̀ títí di ọdún 1961, nígbà tí ilẹ̀ wa ti gba òmìnira fún ọdún kan, wọ́n sì ti iná bọ ilé náà kí wọ́n tó lọ. Ní 1967 ló di ilé àkójọ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé.

Láti ibẹ̀, ẹ lọ sí ojúde tí ilé òrìṣà ejò erè àti ilé ìjọsìn ńlá ti àwọn Àgùdà ti dojú kọ ara wọn. Dangbé ni wọ́n ń pe òrìṣà ejò yìí, ti àwọn Xwedà ni. A sọ èyí nítorí pé kì í ṣe gbogbo ohun tí a bá rí ní Ouidah ni ká sọ pé tiwa ni. Ohun tó jẹ́ tiwa pọ̀ tó láìjẹ́ pé a gba ti ẹlòmíràn mọ́ ọn.

Ẹ gbọ́ orúkọ àwọn odù lẹ́nu bokọ́nọ̀, ìyẹn babaláwo àwọn Fọ̀n. Ohun tó ń pè ní Fá ni Ifá. Gbe-Meji rẹ̀ ni Ogbè Méjì, Yeku-Meji ni Ọ̀yẹ̀kú Méjì, Woli-Meji ni Ìwòrì Méjì, Di-Meji ni Òdí Méjì. Ẹ wo Lẹgba tó jókòó sí ẹnu-ọ̀nà ilé, ẹ ó mọ Ẹlẹ́gbára. Ẹ gbọ́ Gu, ẹ ó mọ Ògún. Egúngún ti àwọn Fọ̀n ń pè ní Kulito náà wà ní Ouidah, èdè wa ni wọ́n ṣì fi ń kí i ní ilé àwọn tí kò sọ ọ́ ní ọjọ́ lásán mọ́. Ọmọ Adja-Ouèrè tó bá dúró síbi tí egúngún ti ń jó ní Ouidah lè gbọ́ ìkíni tí ọ̀pọ̀ àwọn tó yí i ká kò gbọ́ ìtumọ̀ rẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni àdúgbò àwọn Àgùdà. Orúkọ tí gbogbo ènìyàn mọ̀ níbẹ̀ ni ti Francisco Félix de Souza, ará Bràsíìlì tó jẹ́ ọ̀rẹ́ Ọba Ghezo. Òun ni Chacha àkọ́kọ́, òwò ẹrú ló fi di olówó, ó sì kú ní ọdún 1849. Àwọn mìíràn nínú àwọn Àgùdà kì í ṣe oníṣòwò ẹrú. Ẹni tí wọ́n ti tà rí ni wọ́n. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1835, àwọn Mùsùlùmí, tí Yorùbá pọ̀ jù nínú wọn, dìtẹ̀ ní Bahia. Ọ̀tẹ̀ Malê ni wọ́n ń pè é, láti ara ọ̀rọ̀ wa Ìmàle. Lẹ́yìn ọ̀tẹ̀ náà ni ìjọba ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fòòró àwọn ọmọ Áfíríkà tó ti gba òmìnira, ọ̀pọ̀ wọn sì wọ ọkọ̀ padà wá sí Ouidah, Àjàṣẹ́ àti Èkó. Ẹni tó ta ènìyàn àti ẹni tí wọ́n tà wá di aládùúgbò, orúkọ kan náà la sì ń pè wọ́n. Bí ẹ bá rí ilé àwọn Àgùdà pẹ̀lú fèrèsé rẹ̀ tí wọ́n gbẹ́ lọ́nà, ẹ má ṣe rò pé ìtàn kan ṣoṣo ló kọ́ ọ.

Ọjọ́ kejì: ọ̀nà tó lọ sí òkun

Òwúrọ̀ ló dára jù láti rìn ín, kí oòrùn tó mú. Ọ̀nà náà bẹ̀rẹ̀ láti ojúde Chacha, ó sì parí síbi Ẹnu-Ọ̀nà Àìpadà létí òkun. Ọ̀nà àtijọ́ ni, ṣùgbọ́n àwọn àmì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kò pẹ́. Nígbà àjọ̀dún Ouidah 92, tó wáyé ní oṣù kejì ọdún 1993, ni wọ́n ri ọ̀pọ̀ nínú wọn mọ́lẹ̀. Cyprien Tokoudagba, ọ̀mọ̀wé ọnà láti Abomey, wà lára àwọn tó ṣe ère wọn. Ọdún 1995 ni wọ́n kọ́ Ẹnu-Ọ̀nà náà.

Lójú ọ̀nà, wọ́n á fi ibi Igi Ìgbàgbé hàn yín. Ìtàn ẹnu ìlú ni pé àwọn ọkùnrin á yí i ká lẹ́ẹ̀mẹ́sàn-án, àwọn obìnrin lẹ́ẹ̀meje, kí wọ́n lè gbàgbé ilé, orúkọ àti ẹbí wọn. Wọ́n á tún fi Zomaï hàn yín, ibi tí iná kì í wọ̀, níbi tí wọ́n ní wọ́n ń ti àwọn ènìyàn mọ́ inú òkùnkùn. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Zoungbodji, níbi tí ìrántí àwọn tó kú kí ọkọ̀ tó dé wà. Àwọn òpìtàn kan ń ṣiyèméjì nípa igi náà, nítorí pé ìtàn ẹnu ló gbé e dúró, kì í ṣe ìwé àwọn tó ṣòwò níbẹ̀ nígbà náà. Kò yẹ ká torí ìyẹn sọ ìtàn náà nù, ṣùgbọ́n ó yẹ kí olùwádìí mọ èyí tó jẹ́ ìtàn ẹnu àti èyí tí ẹni tó rí i fi ojú ara rẹ̀ sọ.

A ní ẹni tó fi ojú ara rẹ̀ rí i, èdè wa ló sì ń sọ. Oluale Kossola ni orúkọ rẹ̀. Agbègbè Banté, láàárín àwọn Yorùbá tí a ń pè ní Itcha, ni òpìtàn Sylviane Diouf gbà pé ó ti wá. Ní ọdún 1860, nígbà tó jẹ́ ọmọ nǹkan bí ọdún 19, ọmọ ogun Ọba Glèlè kó ìlú wọn. Wọ́n mú un gba Abomey dé Ouidah, wọ́n sì tì í mọ́ ọgbà ẹrú. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló lò níbẹ̀. Nígbà tó di arúgbó, ní 1927 àti 1928, ó ro ìtàn náà fún òǹkọ̀wé Zora Neale Hurston ní Alabama. Ó ní ilé funfun kan wà láàárín àwọn àti òkun, kò jẹ́ kí àwọn rí àwọn ọkọ̀ dáadáa. Ó ní nígbà tó pẹ́ díẹ̀, ìbànújẹ́ àwọn ọ̀dọ́ inú wọn rọlẹ̀, wọ́n ń ṣeré, wọ́n sì ń gun ògiri ọgbà náà láti wo ohun tó ń lọ níta.

Ẹ dúró lórí ọ̀rọ̀ yìí díẹ̀. Ọmọdé ni wọ́n. Wọ́n ń gun ògiri láti wo òkun, bí àwọn ọmọ wa ṣe ń sáré lọ wò ó lónìí.

Ọ̀gákọ̀ William Foster wá yan àwọn tó fẹ́ nínú wọn. Ènìyàn 110 ni ọkọ̀ Clotilda kó dé Mobile, ní Alabama, ní oṣù keje ọdún 1860, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òfin Amẹ́ríkà ti ka kíkó ẹrú wọ ilẹ̀ wọn léèwọ̀ láti 1808. Òmìnira dé ní 1865. Wọ́n fẹ́ padà sílé, owó ọkọ̀ kò sí. Wọ́n ra ilẹ̀, wọ́n sì tẹ ìlú dó tí wọ́n pè ní Africatown. Kossola fún àwọn ọmọ rẹ̀ ní orúkọ méjì-méjì, ọ̀kan ti Amẹ́ríkà, ọ̀kan ti ilé. Wọ́n kọ orúkọ ilé ọ̀kan nínú wọn sílẹ̀ báyìí: Iyadjemi. Ọmọ Nàgó kò nílò ògbufọ̀ fún ìyẹn. Ìyà jẹ mí. Ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ, Kossola sì wo ilé láti òkè òkun. Ó kú ní 1935. Ní 1940 ni Matilda McCrear, tó jẹ́ ọmọ ọdún méjì nígbà tí wọ́n kó o wọ ọkọ̀ kan náà pẹ̀lú ìyá rẹ̀, kú ní Selma. Ilà ṣì wà lójú rẹ̀, bó sì ṣe ń di irun rẹ̀ jọ ti Yorùbá. Ní 2019 ni wọ́n kéde pé wọ́n ti rí àwókù Clotilda nínú odò ní Alabama.

Kì í ṣe gbogbo wa ló gba Ouidah

Ẹ̀yin olùwádìí, ẹ ṣọ́ra níbí. Ouidah tóbi nínú òwò yìí, nítorí pé nǹkan bí mílíọ̀nù kan ènìyàn ni wọ́n kó gba ibẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n Àjàṣẹ́ sún mọ́ Adja-Ouèrè ju Ouidah lọ, àwọn oníṣòwò sì tún ń gba Àgbádárìgì àti Èkó. Ẹni tí wọ́n bá kó ní agbègbè wa lè ti gba èyíkéyìí nínú wọn. Bákan náà, nígbà tí Dàhòmì fọ́ Kétu ní 1886, òwò orí òkun ti parí, Abomey ni wọ́n kó púpọ̀ nínú àwọn ènìyàn Kétu lọ. Kò sì sí ẹni tó jókòó lásán dúró de ogun. Àwọn Ọ̀họ̀rí, tí wọ́n jẹ́ ará ilé wa, fi ẹrẹ̀ dúdú Lama ṣe odi. Nígbà òjò, ilẹ̀ náà ń gbé ẹsẹ̀ mì, kò sì rọrùn fún ọmọ ogun àjèjì láti là á kọjá. Nítorí náà, bí a bá dúró níwájú Ẹnu-Ọ̀nà Àìpadà, gbogbo àwọn tí a pàdánù là ń rántí níbẹ̀, kì í ṣe pé a lè fọwọ́ sọ̀yà pé ibẹ̀ ni ti ìdílé kọ̀ọ̀kan wa gbà.

Ta ló gbàgbé?

Bí a bá wo ọ̀rọ̀ igi náà dáadáa, ìgbàgbé kò mú àwọn tí wọ́n kó lọ. Kossola rántí orúkọ bàbá rẹ̀ àti ti ìyá rẹ̀ títí ó fi dàgbà dàrúgbó. Bahia rántí Kétu débi pé wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe ọ̀nà ìsìn kan lára Candomblé. Àwa tí wọ́n fi sílẹ̀ nílé ni ọ̀rọ̀ náà ń bọ́ lọ́wọ́. Bí a bá bi àgbà kan ní abúlé wa léèrè, á ní, "Ogun kó wọn lọ," ọ̀rọ̀ á sì parí síbẹ̀.

A mọ ìdí rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹrú kò kan ẹni tó lọ nìkan. Àwọn ìdílé kan wà nílẹ̀ Yorùbá tó jẹ́ pé ẹrú tàbí ìwọ̀fà ni baba ńlá wọn, a kì í sì í ka ìyẹn sí ẹnikẹ́ni lójú. Ìwà ọmọlúwàbí ni. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà kan náà ló ní ẹrú kú, ìyá kò gbọ́, ọmọ kú, ariwo ta, bẹ́ẹ̀ ẹrú ti ṣe ọmọ rí nílé ìyá rẹ̀. Ilé ìyá yẹn lè wà ní Massè tàbí ní Ikpinlè. Bí a kò bá dárúkọ ọmọ náà mọ́, a ti ṣe iṣẹ́ igi náà parí fún un.

Ọ̀rọ̀ náà ti wá di kánjúkánjú. Ní ọjọ́ 2 oṣù kẹsàn-án ọdún 2024, ìjọba Benin fọwọ́ sí òfin tó jẹ́ kí ìran àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú láti ilẹ̀ Áfíríkà lè gba ìwé ọmọ ilẹ̀ wa. Wọ́n ń ti Amẹ́ríkà, Bràsíìlì àti àwọn erékùṣù Kàríbíà wá. Ouidah ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ dé. Lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n á béèrè ibi tí ọ̀nà náà ti bẹ̀rẹ̀. Bí wọ́n bá dé ọ̀dọ̀ wa, kí la ó sọ fún wọn?

Ohun tí a bẹ̀ yín pé kí ẹ ṣe

Kí ẹ tó lọ sí Ouidah, ẹ jókòó ti àgbà kan nínú ìdílé yín. Ẹ fi sùúrù béèrè nǹkan mẹ́rin yìí, kí ẹ sì gbà á sílẹ̀ sórí fóònù bí ó bá gbà fún yín:

1. Ǹjẹ́ ẹnì kan wà nínú ìdílé tí wọ́n ní ogun kó lọ? Kí ni orúkọ rẹ̀, kí sì ni oríkì rẹ̀?
2. Abúlé wo ló tú nígbà ogun, ibo ni àwọn ènìyàn sá sí, ọ̀nà wo ni wọ́n gbà?
3. Orúkọ wo ni wọ́n ń sọ ọmọ nínú ìdílé nítorí ogun tàbí nítorí ẹni tó sọnù?
4. Irú ilà wo ni ìdílé ń kọ? Èyí ṣe pàtàkì, nítorí pé nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń gba ènìyàn sílẹ̀ nínú ọkọ̀ ẹrú tí wọ́n sì ń kó wọn lọ sí Freetown, wọ́n kọ orúkọ wọn sílẹ̀, wọ́n sì máa ń kọ àmì ara àwọn kan pẹ̀lú. Orúkọ tó lé ní 90,000 láti inú irú ìwé bẹ́ẹ̀ ti wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì báyìí, orúkọ Yorùbá sì pọ̀ nínú wọn. Ẹni tó gbọ́ èdè wa ló lè kà wọ́n bó ṣe yẹ.

Bí ẹ bá dé Ouidah, ẹ gba àyè kí ẹ tó ya fọ́tò egúngún tàbí ojúbọ. Ẹ bi ẹni tó ń mú yín kiri nípa Nàgó, kí ẹ sì sọ ohun tí ẹ mọ̀ fún un pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Bí ìwádìí lẹ bá wá ṣe, ẹ má ṣe lọ ní àkókò ọdún Vodun: láti 2024 tí wọ́n ti sọ ọ́ di Vodun Days, ìlú máa ń kún fọ́fọ́, kò sì sí àgbà tó ráyè jókòó dáhùn ìbéèrè. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ọmọdé wọ inú òkun. Ìgbì tí kò jẹ́ kí ọkọ̀ òyìnbó sún mọ́ ilẹ̀ láyé ọjọ́un ṣì wà níbẹ̀, ó sì ń fa ènìyàn lọ.

Ohun tí ẹ bá gbà sílẹ̀, ẹ mú un wá sí ọ́fíìsì ẹgbẹ́. A ó kọ ọ́ sílẹ̀ ní Yorùbá àti ní Faransé, a ó sì pa á mọ́. Bí ìdílé kan bá fẹ́ kí a má ṣe dárúkọ òun fáyé gbọ́, a ó bọ̀wọ̀ fún un. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká kọ orúkọ ẹni tó lọ sílẹ̀, kí ó lè wà níbi tí ẹni tó ń wá a á ti rí i.